Hollis Dìde ní Ìpàdé Ìlú

Àìkú, 19 Èrèlé
Curtis ò sùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún ni. Súìtì igbó tó máa ń dín ìrora rẹ̀ kù ku ẹyọ kan ṣoṣo — mo gé e sí méjì, ó ní kí n fi ìlàjì pamọ́. Ọkọ mi tó jẹ́ ọlọ́pàá ìlú yìí nígbà kan, tó máa ń lé àwọn amugbó lábẹ́ afárá! Mo rẹ́rìn-ín. Mo sunkún díẹ̀ pẹ̀lú.

Ọjọ́rú, 22
Yìnyín ti dí ọ̀nà òkè, ẹ̀yìn òkè sì ni ṣọ́ọ̀bù igbó wà. Ìpínlẹ̀ Vermont ti fòfin gbà á láyè, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dìbò kí wọ́n tó lè tà á níbẹ̀. Tiwa di ọjọ́ ìpàdé ìlú, 7 Ẹrẹ́nà.

Ẹtì, 24
Olóríkunkun wá — Hollis, ẹ̀gbọ́n Curtis. Ó gbé omi dídùn igi màpù wá, ó sì ní ìbò Rárá lòun máa dì.
"Ojú ò tì ẹ́? Ìwọ tó o mú ọmọ mi nítorí igbó!"
Curtis ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kàn ló mọ̀."
Hollis mu tíì rẹ̀ tán, ó lọ. Inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ẹrẹ́nà
Curtis sùn díẹ̀. Ọpẹ́.

Ìṣẹ́gun, 7
Gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Ẹ̀wà, páì, ariwo. A kọ́kọ́ fi ohùn dìbò — Bẹ́ẹ̀ ni, Rárá — wọn ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Alága ní kí àwọn Bẹ́ẹ̀ ni dìde ká kà wọ́n.
Mo di Curtis mú. "Jókòó, wàá ṣubú."
"Arlene, jẹ́ n dìde."
Ó dìde. Mo gbá a mú lápá kan, ó ń yẹ̀ lápá kejì. Àfi Hollis, tó fò dìde lẹ́yìn wa, tó ki ọwọ́ bọ abíyá àbúrò rẹ̀! Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ka ìbò dé, ó nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka gbogbo wa. Nígbà tó kan Rárá, Hollis ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn Curtis, kò rántí dìde.
Ìbò kan la fi borí.
Ẹnì kan kígbe pé Hollis kì í ṣe Bẹ́ẹ̀ ni! Alága bi í. Hollis wo Curtis, ó wò ó pẹ́.
"Mo dìde, àbí mi ò dìde? Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."
Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ síbí tipẹ́.

Àbámẹ́ta, 11
Ọ̀nà ti là. Ṣọ́ọ̀bù tiwa ò tíì ṣí, nítorí náà Olóríkunkun fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa kọjá òkè. Kò bá wa wọlé. Ó ní kí Curtis má kánjú, òun máa dúró.