Àpótí Tó Bọ̀wọ̀ fún Àna

Ilé Ọlọ́sàn,
Fìdítì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Dìsẹ́ḿbà, 1978.

Sìrájù Àlàní, ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìbùsùn, kí Ọlọ́run Ọba sì máa ṣọ́ ọ láàárín gbogbo èrò tó wà ní Èkó yẹn kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Àmín. Gbogbo wa wà dáadáa. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń san, wọ́n ti ń rìn dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò tíì gbé wọn dé oko. Ọsàn so lọ́dún yìí, àwọn onímọ́tò tó ń lọ Ìbàdàn sì ń dúró rà lọ́wọ́ mi, wọ́n kàn ń ná an bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín ni. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o. Tíṣà Ezekiel tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ní kí n máa fi àmì ìdánudúró sí i, mo ti fi díẹ̀ sí i, èyí tó bá kù, bá mi fi sí i.

Ọ̀rọ̀ àpótí tí o gbé wá lọ́dún Iléyá ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ, ó sì kù díẹ̀ kí ó bà á jẹ́. Ṣé o rántí bí o ṣe so ó mọ́ tẹlifíṣàn Tíṣà, tí o ní eré àkọ́kọ́ tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe nìyẹn, pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, pé lẹ́yìn iṣẹ́ akọ̀wé rẹ ni o ń wò ó nínú ìwé kan tí àwòrán inú rẹ̀ dà bí ọ̀nà ikán. Igi funfun méjì yọ, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Èèyàn á máa yí bọ́tìnì láti gbé igi tirẹ̀ sókè sódò, àpótí á máa gbé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á wá máa gbá iná kékeré kan síra wọn, ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá lẹ́yìn òun, wọ́n ti nà án nìyẹn. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà pé níbo ni iná kékeré yẹn ń sùn sí tí wọ́n bá ti pa tẹlifíṣàn. O rẹ́rìn-ín títí o fi wọ mọ́tò, o sì fi àpótí náà sílẹ̀ nílé Tíṣà. Mo ṣì ń retí èsì.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti bàbá rẹ lọ bá Bàbá Mọ́ṣúdù, bàbá Fàòsíyà, ní Ìwàrè lórí ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọmọ wọn. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n wá béèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Bàbá rẹ ní akọ̀wé ni ọ́. Inú mi ń dùn, mo ní kì í ṣe akọ̀wé nìkan o, ó tún ṣe eré kan sínú tẹlifíṣàn. Bàbá rẹ fi ìgunpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rò pé wọ́n ní kí n máa sọ ọ́ lọ ni. Bàbá Mọ́ṣúdù ní ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ lórí eré náà, mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé ọ̀gá kan ló rán ọ, mo ní kò sí. Wọ́n ní báwo ló ṣe pẹ́ tó kí o tó ṣe é tán, mo ní ó lé lọ́dún kan. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń fi odidi ọdún ṣeré, ṣé ebi ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ àwọn ni, àfi kí àwọn fojú ara àwọn rí eré náà ná. Fàòsíyà ń gbé omi bọ̀ nígbà náà. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ ọjà wa ni wọ́n wá. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ta ayò bíi tiwọn ní gbogbo Ìwàrè. Wọ́n ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣàn, wọ́n sì kọ́kọ́ kí i. Àlàní, àpótí rẹ kò jẹ́ èèyàn lóhùn, kò sì mọ àgbà. Bí wọ́n ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé igi wọn ni ó ń gbá iná kọjá lẹ́yìn wọn, tó ń dún kó, kó, kó, bí ẹni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣẹ́jú sí i, mo wúkọ́, kò yé e. Ìwọ tí o mọ ayò ju bàbá rẹ lọ, tí o sì máa ń jẹ́ kí wọ́n nà ọ́ kí inú wọn lè dùn, báwo ni o ṣe wá tọ́ ọmọ tìrẹ báyìí? Bàbá Mọ́ṣúdù dé fìlà wọn, wọn kò fọwọ́ kan iyán tí mo gún. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ pé ọjọ́ tí àwọn bá na àpótí yẹn ni àwọn yóò dá ọjọ́ yìgì.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn pé àwọn ń wá ra igi ọsàn tí àwọn máa gbìn, iṣu wọn sì wà lóko láìwà. Tíṣà kò rí ìròyìn wò mọ́. Fàòsíyà ló máa ń wá pè wọ́n lọ sílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa wo bí àpótí rẹ ṣe ń na bàbá rẹ̀, tí ọkọ ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi wá fọwọ́ kan àpótí yẹn lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, ara rẹ̀ gbóná. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣe, ṣùgbọ́n Tíṣà kò tíì tọ́mọ rí. Ibà ni. Mo gbé àdín tí mo fi ń pa ọ́ lára nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo fi pa á lára lókè nísàlẹ̀, mo rọ díẹ̀ sínú àwọn ihò tí o dá sí i lẹ́yìn, torí mo rò pé imú rẹ̀ nìyẹn. Mo wá fọwọ́ lé e lórí, mo sọ fún un pé òun ni àkọ́bí Àlàní, èmi sì ni ìyá àgbà rẹ̀, bàbá rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó, kí ó jọ̀ọ́ má ṣe dènà.

Àlàní, ó gbọ́. Nígbà tí Bàbá Mọ́ṣúdù dé lọ́jọ́ kejì, iná kékeré ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n igi ti àpótí dúró lójú kan bí ọmọ tó káwọ́ sẹ́yìn níwájú àgbà. Kò mira títí wọ́n fi nà án. Wọ́n tún nà án lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè dá wọn lójú. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ iyán, wọ́n ní kí n bù sí i. Wọ́n ní ẹni tó ṣe ohun tó ṣòro láti nà tó báyìí kì í ṣe ọ̀lẹ, pé tí ọdún Mọ́lúdì bá ti kọjá, kí a wá so yìgì.

Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ni Fàòsíyà ti rí i pé àdín ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn àpótí. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí, ó fa etí ìró rẹ̀, aṣọ tuntun ni o, ó sì fi nù ún mọ́ tónítóní. Ó wá rọra sọ sí mi létí pé ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i. Mi ò mọ ìdí tó fi ń fi í pamọ́, àdín kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní ìyá rẹ̀ rí, omi sì bọ́ lójú mi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún aṣọ ìyàwó, kí o fi ti iná Tíṣà kún un, kí o sì rántí ìró tuntun fún Fàòsíyà, torí àdín kì í kúrò lára aṣọ. Tíṣà ní àpótí ti bàjẹ́, kí o tètè wá tún un ṣe. Má dá a lóhùn. Bàbá Mọ́ṣúdù ṣì ń wá nà án lójoojúmọ́, nítorí náà má fọwọ́ kàn án títí Fàòsíyà á fi wọlé wa.

Ọlọ́run á fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yí ọ ká, á fi ọmọ mìíràn tẹ̀lé àkọ́bí rẹ yìí, èyí tó lè jẹ iyán, tí yóò sì gbọ́ràn bíi tirẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Sàúdátù.