Ilẹ̀kùn Tó Ń Ti Ara Rẹ̀

Ìgàndò,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1975.

Ràímì, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédé ní Sùúrùlérè, ṣé ọ̀gá yín kì í bínú jù? Tiwa níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara mi le, eyín tó ń dùn mí ti já fúnra rẹ̀, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, òjò náà sì ti sinmi díẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbọ́ aburú rẹ, ohun tí ò ń wá kiri nílùú Èkó yóò máa wá ọ bọ̀ nílé, àmín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí o. Ilé ìwé àgbà ti ń ṣe mí lóore, ṣùgbọ́n níbi tí o bá ti rí i pé ó wọ́, má fi ibẹ̀ han Matilda, kó má lọ rò pé bí ìyá ọkọ òun ṣe máa ń rìn nìyẹn.

Mo rí gbogbo ẹrù tí o fi owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù rẹ rà. Fèrèsé onígíláàsì mẹ́fà àti ilẹ̀kùn kan ni dírẹ́bà já sílẹ̀, ó wá mú ìwé kan jáde pé kí n kọ orúkọ mi sí i pé mo ti gbà wọ́n. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, ọ̀kan fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí èyíkéyìí má bàa jowú èkejì. Dírẹ́bà ní ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó, mo sọ fún un pé kò lè tó fún ẹrù ọmọ mi.

Àwọn fèrèsé yẹn wù mí gan-an ni. Ẹni tó ṣe wọ́n gbọ́n, ó mọ̀ pé obìnrin a máa sá nǹkan. Bí mo bá fa irin rẹ̀ tí àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ náà nà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ilá gígé àwo kan, eku ò sì lè gùn ún torí ó ń yọ̀. Fèrèsé yàrá rẹ ni mo ń sá ata sí. Ti pálọ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ lófìfo, nítorí àwọn àna wa.

Wàyí o, o kọ̀wé pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ọkọ̀ máa wá kó ilẹ̀kùn àtijọ́ àti àwọn fèrèsé onípákó lọ dànù, kí Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ, bàbá Matilda, má bàa rí wọn nígbà tí wọ́n bá wá mọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbé mi jókòó. Jọ̀ọ́, má rán ọkọ̀ náà. Gbọ́ ohun tí ojú mi rí ná.

Bàbá rẹ Sàkàrìyáù, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ìrókò tó fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn, lọ́dún tí a bí ọ. Lọ́jọ́ tí Táyéwò Kàfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń yọ ọ́, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ní èéfín ló wọ̀ mí lójú. Mo kàn bẹ Táyéwò pé kó fi fèrèsé onípákó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi lẹ́yìnkùlé, èyí tí òun àti bàbá rẹ jọ ṣe, kó má sì tíì la ilẹ̀kùn náà fi dáná.

Ilẹ̀kùn tuntun dán débi pé mo ń rí ara mi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí a bá ti pa á dé báyìí, ó ti ti ara rẹ̀ nìyẹn, kò ní bi onílé léèrè. Ìwọ náà sì mọ àdúgbò wa, a kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá wà ní títì lọ́sàn-án, bí kì í bá ṣe ìjà, òkú ni. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, wọ́n rò pé ìjà ni. Mùnírátù tó ń gbé òdìkejì wa kò kí mi, ó ń sọ kiri pé Nímọ́tà ti ní fèrèsé onígíláàsì, kò tún fẹ́ rí èèyàn mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo yọ́ gba iwájú jáde, mo lọ fa ẹ̀gẹ́ lóko wa tó jìnnà díẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, ilẹ̀kùn pa dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó nínú ilé. Mo ní kò burú, ilé ń ṣọ́ ara rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Àṣé Mùnírátù ti ronú, ó ní òun ò lè bá mi ṣọ̀tá, ó bu iyọ̀ wá kí mi. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò gbóhùn. Ó bá yọjú lójú gíláàsì yàrá mi, ó rí ìrọ̀rí mi tí mo fi ìró bò lórí ibùsùn. Ló bá figbe ta. Kí n tó fa ẹ̀gẹ́ kún apẹ̀rẹ̀, àdúgbò ti pé, Lèmọ́mù ti dé, wọ́n ti ní kí wọ́n lọ ra aṣọ funfun, o ṣáà mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọn ò rí ilẹ̀kùn ṣí. Táyéwò ló rántí fèrèsé onípákó ẹ̀yìnkùlé, ó fi igi tín-ín-rín gbé ìkọ́ rẹ̀ láti ìta, bí òun àti bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá pẹ́ lóde, Mùnírátù sì gba ibẹ̀ kó sínú ilé tòun ti ara ńlá rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo dé. Mo rí èrò lójúde mi, gbogbo wọn ń sunkún. Àjàní, a kì í kọ́kọ́ bèèrè níbi ẹkún, mo sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, èmi náà bú sẹ́kún. Nígbà tó ṣe, mo rọra bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ló lọ. Ó fi ìborùn bojú, ó ní Nímọ́tà ni. Mo ní ó mà ṣe o, Nímọ́tà èwo? Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Gbogbo wọn tú ká. Lèmọ́mù nìkan ló dúró, ó ní òun kì í sá, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kan ti wà lọ́nà Ìkọ̀tún. Mùnírátù ṣílẹ̀kùn láti inú, ó yọ orí pé ìrọ̀rí ni o, ìrọ̀rí ni, nígbà tó rí mi, ó dì mọ́ mi, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. A jẹ ẹ̀gẹ́ ọ̀hún pa pọ̀ ni.

Inú mi dùn, ọmọ mi. Mo gbọ́ ẹkún ara mi láàyè, mo sì mọ̀ pé mo ní èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rò ó, pé ká ní òótọ́ ni, tìrẹ ni ì bá dá wọn dúró síta, ti bàbá rẹ ló jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ́jọ́ náà ni mo ní kí Táyéwò dá ìrókò padà síwájú ilé.

Má ṣèyọnu, tìrẹ ò ṣòfò. Ẹnu ṣáláńgá ni mo gbé e sí, torí ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti ń fẹ́ kí ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Àwọn èèyàn ń ti Ìkọ̀tún wá wò ó, ẹlòmíì á wọlé, á jókòó, kò sì ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, owó ọkọ̀ tí o fẹ́ fi kó ilẹ̀kùn bàbá rẹ dànù, fi ránṣẹ́ sí mi. Táyéwò ní a nílò hínjì tuntun méjì àti òróró tí a ó fi pa ìrókò kó dán. Bí ó bá kù, màá fi ra gèlè tí màá fi pàdé àna mi.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ilé tí ìwọ àti Matilda bá kọ́, ẹkún ò ní kó èrò síbẹ̀, ẹ̀rín ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kó fọwọ́ sún un, yóò ṣí. Inú ilé ni mo wà.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì kú,
Nímọ́tà.