Màmá Moríkẹ́, Ẹni Tó Ń Gbóòórùn Ọmọ Kó Tó Gbé E

Òde Mahin ni a ti bí ìyá wa, Moríkẹ́ Jọọlá, ní ọdún 1948, sínú ìdílé Bàbá Dáníẹ́lì apẹja àti Ìyá Tinúkẹ́ tó ń ta edé. Màmá ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọkọ̀ wà ju ìwé lọ.

Ní 1968, wọ́n di aya Bàbá Dáfídì Jọọlá, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ayétòrò. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn.

Ní 1973, wọ́n bí ọmọ wọn kejì, Ìtẹ́olúwakìṣí. Ìyá ọkọ wọn fi ayọ̀ kó aṣọ ọmọ jáde láti inú àpótí, níbi tí wọ́n ti fi káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n wọ aṣọ náà fún ọmọ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, ibà pọ́njú ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò dúró, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Àwọn kan ní ọmọ omi ni, kí wọ́n dá a padà sómi. Màmá ní ọmọ tí Ọlọ́run fún òun kì í ṣe ẹja tí à ń jù padà. Wọ́n fa ọ̀já, wọ́n pọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan là wọ́n lóye pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan kò gba káńfọ̀ rárá, pé òórùn rẹ̀ lára aṣọ lè fa ibà pọ́njú fún wọn. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ náà bú ìyá ọkọ wọn rí. Wọ́n ní ìfẹ́ ló tọ́jú aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti bímọ, Màmá á wakọ̀ débẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ọmọ kí wọ́n tó gbé e. Bí wọ́n bá gbọ́ òórùn káńfọ̀, aṣọ á bọ́, á di fífọ̀ àti sísá. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé oòrùn nìkan ni òórùn tó yẹ aṣọ ọmọ. Wọ́n sì máa ń rọ aboyún pé bí ìrọbí bá pẹ́, tàbí tí ọmọ kò bá tètè ké, ilé ìwòsàn ló yá. Àwa ọmọ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé imú Màmá gùn ju àjẹ̀ ọkọ̀ lọ.

Láyé ọjọ́un, kò sí àdúgbò tí ẹ kò ní rí irú Ìtẹ́olúwakìṣí. Lónìí, wọ́n ti ṣọ̀wọ́n ní tiwa. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ṣe é, ọwọ́ Màmá sì wà níbẹ̀. A dúpẹ́.

Ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ. Nígbà tí òkun gba ilé wọn, Ìtẹ́olúwakìṣí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ta ni yóò máa gbé e lẹ́yìn àwọn?

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2025. Wọ́n fi Kingsley, Ìtẹ́olúwakìṣí àti Princess sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti Gift, ọmọ tuntun tí Dùnníolúwa, ọmọ Kingsley, bí. Nígbà tí a gbé Gift dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, ojú wọn kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a gbé e lé Ìtẹ́olúwakìṣí lẹ́sẹ̀.

Ilé Kingsley ni Ìtẹ́olúwakìṣí ń gbé báyìí. Màmá, ẹ tú ọ̀já. Ó ti wà lẹ́yìn wa. Ẹ sùn un re.