Ibi Tí Ohùn Wọn Ti Ń Kú

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹta
Àwọn akọrin mi tún bà mí lójú jẹ́. Orin tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ìlà kejì: "Ọwọ́ Rẹ ni mo dì mú." Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ohùn wálẹ̀ níbẹ̀ kó lè wọni lára. Wọ́n á dé "ọwọ́", á rá mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Pásítọ̀ ní tí kò bá dáa títí ọjọ́ kejìlélógún, òun á fa ẹgbẹ́ akọrin lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi darí wọn! Ìyàwó mi ti kú. Kí ló tún kù fún mi?

Ọjọ́rú, 4
Ìdánrawò. Mo ti ṣètò ẹ̀ sínú ìwé — mímí, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀. Mo là á yé wọn. Mo tún là á. Àkókò ti lọ ká tó kọrin. Ibì kan náà ni wọ́n kú sí. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wọn. Bíríkìlà, baba ohùn ìsàlẹ̀ wa, kàn ń wo bàtà ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀lẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Mo ń ro ẹjọ́ fún àga tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí.

Ọjọ́rú, 11
Nọ́ọ̀sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà — èyí tó máa ń so aago mọ́ àyà wá kọrin. Ó ní kí n má bínú, òun fi aago ka ìdánrawò wa. Nínú wákàtí kan ààbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án la fi kọrin. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fi sọ̀rọ̀, sà." Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agboòrùn mi.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo wo ètò tí mo kọ. "Àlàyé", "àlàyé", "àlàyé". Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Ìdánrawò. Mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n kọ ọ́. Ibẹ̀ náà ṣì ń kú. Mo wá bi wọ́n — mi ò bi wọ́n rí — kí ló dé? Bíríkìlà họrí. "Bí orin yẹn ṣe wálẹ̀ níbẹ̀, sà, kì í ṣe ọwọ́ là ń pè. Ọwọ̀ ni. Ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀."

Mo kọ ọ́ fúnra mi. Ọwọ̀ Rẹ ni mo dì mú. Yéè, mo gbé!

Orin yẹn la fi sin ìyàwó mi. Gbogbo wọn fi ìwé orin bojú lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni mo pè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mo ti kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe mọ́. Nọ́ọ̀sì yà wá. Mo bi í bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú. Ó ní, "A rẹ́rìn-ín, sà, a tún sunkún. Màmá, ìyàwó yín, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ wa. Wọ́n ní ká má sọ, àfi ọjọ́ tí ẹ bá fẹnu ara yín bi wá."

Mo ya lẹ́tà náà.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Mo ti gbé ohùn náà sókè. Ọwọ́ ni, kò rá mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Pásítọ̀ ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo délé, mo kọjú sí àga ìyàwó mi. Mo bi í pé kí ló tún wà níbẹ̀ tí mi ò jẹ́ kó sọ. Mo dákẹ́, mo ń dúró.