Ọrùn Aṣọ Tí Mo Rán Pa

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Oorun ti dá lójú mi. Ọ̀gá Kékeré, ọmọ tuntun mi, ló ń sùn fún àwa méjèèjì. Ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ ẹrù rìnrìn-àjò, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà — máṣíìnì ìránṣọ mi — ló bá pe orúkọ mi. Máṣíìnì! Mo rẹ́rìn-ín. Mo rọ epo sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mi ò fọwọ́ kan máṣíìnì lónìí. Ó ṣì ń pè mí.

Ọjọ́rú, 5
Ohùn náà ti wọ yàrá. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ mi. Ó ní kí n — mi ò ní kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọwọ́ ara mi ló ń bà mí lẹ́rù. Mo tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wèrè tó wá bímọ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá wẹ ọmọ. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ. Wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí mo rán fún un, orí rẹ̀ kò wọlé. Mo ti rán ọrùn rẹ̀ pa. Apá méjèèjì pẹ̀lú. Ìránṣọ tó gún régé! Mi ò rántí rárá.
Wọ́n yẹ ẹ̀wù náà wò títí: ìlà ìránṣọ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn lè ṣèèṣì rán ọrùn aṣọ pa, àmọ́ kì í tún un rán lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ sílé mọ́, pé ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá wa nílé, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ni. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n á fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí níbẹ̀. Wọ́n á gba ọmọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àga ni, àti dókítà obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Dókítà bi mí nípa oorun, oúnjẹ, ibà, ọjọ́ tí mo bímọ, àti ohùn tí mo ń gbọ́. Wọ́n ní ó máa ń ṣe àwọn abiyamọ kan bẹ́ẹ̀, pé àìsàn ni, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ sísọ sì wà nínú ìtọ́jú náà. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń gbọ́ irú ohùn yẹn, kó má dúró dọ̀la.
Wọ́n wá béèrè, bí ẹni ń béèrè ìwọ̀n ìbàdí: ṣé ohùn yẹn ní kí n ṣe ọmọ náà ní nǹkan?
Mo wo ọmọ mi láyà Ẹ̀gbọ́n.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Dókítà ò fò sókè. Wọ́n ní mo ṣeun tí mo sọ ọ́. Èmi àti ọmọ á sùn síbí, Ẹ̀gbọ́n á sì wà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi èmi àti ọmọ nìkan sílẹ̀.
Nọ́ọ̀sì ní kí n na ọwọ́, àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì látàárọ̀.