Àgbò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Yín

Agboolé Aláró,
Ìlobù.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1957.

Sùrájù Àkànní, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm o. Ara rẹ ń kọ́? Orí tí o fi ń kàwé ń kọ́, ṣé kì í fọ́ ọ? Ọlọ́run tó mú ọ wọ Ìbàdàn láyọ̀ ni yóò mú ọ jáde níbẹ̀ láyọ̀. Ojú tí o fi ń wo ìwé kò ní ṣókùnkùn, ahọ́n tí o fi ń sọ èdè òyìnbó kò ní lọ́, ẹni tó bá sì ní kí ìwé rẹ má wúlò, ìwé tirẹ̀ ni eku yóò jẹ. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, má rò pé mo bẹ akọ̀wé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣí kíláàsì àgbàlagbà ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà Ọládèjì tó ń kọ́ wa sì sọ pé nínú gbogbo àwa ìyá tó wà níbẹ̀, èmi ni mo ń jiyàn jù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé dára. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ká páànù orí àtíbàbà tí ìkòkò aró wà, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé onílé kejì, a ti gbé e padà ṣùgbọ́n a kò tíì kàn án. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí ọ. Wọ́n ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé o sunkún níwájú òyìnbó, mo sì ní kí wọ́n lọ gún ewé ẹ̀lú fún aró.

Mo mọ̀ pé ẹnu yà ọ́ nígbà tí o rí Bùràímọ̀, àbúrò bàbá rẹ, tó fa àgbò wọ ọgbà ilé-ìwé yín. Èmi ni mo rán an. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí o má bàa rò pé mo ti ń ṣarán.

Nígbà tí èsì ìdánwò yín jáde, tí Tíṣà Ọládèjì kà á sí mi létí pé ọmọ mi yege ní ipò kìíní, ńṣe ni mo jó yí ìkòkò aró ká. Mo ní ọdún márùn-ún pé, iṣẹ́ parí, ọmọ mi ń bọ̀ wá jókòó lórí àga akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ tí àwọn ìjòyè ti fi sílẹ̀ dè é, bàbá rẹ tó ti kú yóò sì rí i láti ibi tó wà. Ni lẹ́tà rẹ bá dé pé wọ́n ní kí o dúró fún ọdún méjì sí i, ní kíláàsì kan tó le ju gbogbo èyí tí o ti ṣe lọ. Ọdún méjì! Èmi tí mo ti tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ láìmọye, mo mọ ẹni tí à ń fi ọdún kún ọdún rẹ̀. Ẹni tó ba aṣọ aláṣọ jẹ́ ni.

Ohun tó tún dùn mí ni ọ̀rọ̀ Oyèwùmí ará Ìfọ́n, tí ẹ jọ wọ ilé-ìwé náà lọ́jọ́ kan náà. Oyèwùmí yege ní ipò kẹta, èyí tó kẹ́yìn nínú yíyege, bí ẹni fẹ́ ṣubú, síbẹ̀ ó ti jáde, ó ti ń kọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó ní Òṣogbo, ó sì ti ra kẹ̀kẹ́. Bó bá ti ń kọjá lójúde wa, yóò máa tẹ aago kẹ̀kẹ́ náà kíríń kíríń, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ kan kò sí lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ rí mi lọ́jà, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé wọn kò tíì dá ọmọ yín sílẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n lo wà. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, wọ́n tú u sílẹ̀. Èyí tó ṣe dáadáa jù, wọ́n há a mọ́lé. Ta ni irú rẹ̀ yé?

Mo lọ bá Tíṣà Ọládèjì. Ó ní kì í ṣe ìjìyà, ó ní kíláàsì àwọn tó ń múra láti lọ sí Yunifásítì ni, àwọn tó bá yege jù ni wọ́n ń mú síbẹ̀, àti pé dípò nǹkan mẹ́sàn-án tí o ń kọ́ tẹ́lẹ̀, mẹ́ta péré ni wàá máa kọ́. Mo ní háà! Wọ́n ti gba mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ní wọn kò gbà á, ó ní mẹ́ta náà jinlẹ̀ ni. Mo ní tíṣà, bí ọmọ iṣẹ́ bá ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń mú un kúrò nídìí aró, mo máa ń mú un kúrò nídìí iná, omi pípọn nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ fún un, kànga náà sì jinlẹ̀. Nígbà tó yá ó ní àwọn kan ń sọ pé kíláàsì náà máa ń da ènìyàn lórí rú, ó ní irọ́ ni, kí n má gbà wọ́n gbọ́. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ìyẹn rí, òun ló sọ ọ́ fún mi, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìgbà tí mo rò ó títí ló tó yé mi. Òyìnbó kò ṣẹ̀, àwa la ṣẹ̀. Ọ̀gá wo ló ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ láìrí àwọn ẹbí rẹ̀? Ọdún márùn-ún pé, a kò gbé obì lọ, a kò gbé orógbó lọ, a kò gbé oyin àti iyọ̀ lọ kí ọ̀gá fi gbàdúrà lé ọ lórí. Ó dá mi lójú pé àwọn òbí Oyèwùmí ti yọ́ gbé tiwọn lọ, ará Ìfọ́n kì í sùn. Mo bá mú àgbò, mo di ẹrù, mo ní kí Bùràímọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ kó gba òmìnira ọmọ wa wá.

Bùràímọ̀ dé, ó sì ròyìn. Ó ní bí òun ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú òyìnbó ni òyìnbó sáré wá gbé òun dìde, ó rò pé àárẹ̀ ló gbé òun ṣubú, ó ní kí wọ́n bu omi wá kíá. Ó ní àgbò ti jẹ òdòdó òyìnbó kí omi náà tó dé. Tíṣà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọ̀gá ní òun kò lè gba ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n kò sí okùn lọ́rùn ọmọ wa, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè máa lọ. Bùràímọ̀ ní inú òun dùn débi pé òun tún dọ̀bálẹ̀, ni wọ́n bá tún bu omi wá.

Ó ní òun ní kí o gbé àpótí rẹ. Ìgbà náà ni o bú sẹ́kún. Ó ní o dì mọ́ òun lẹ́sẹ̀ pé kí òun jẹ́ kí o dúró, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara hàn yín ni, pé dókítà lo fẹ́ dà. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dábẹ́ fún ọ, òun kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ mọ́. Ó tún ní òun rí ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìgò lórí tábìlì yín. Sùrájù, bí oúnjẹ wọn kò bá tó, sọ fún mi kí n fi gàrí ránṣẹ́, ọmọ Mùsùlùmí kì í jẹ ọ̀pọ̀lọ́. Àánú rẹ ṣe é, ó fi ọ́ sílẹ̀, ó fa àgbò bọ̀ wálé.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ní ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ tó tún ń dì mọ́ ilé ọ̀gá, kí ló jẹ níbẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ tèmi máa ń ti di ẹrù sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí àdúrà tó parí. Mo gbé ìbínú yẹn dé ìdí aró, mo jókòó, mo wá rántí pé mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tó kọ̀ tí kò fẹ́ lọ. Èmi ni.

N kò sọ èyí fún ọ rí. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tí aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, ó ku ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe ń jí ìkòkò aró tó bá kú. O mọ̀ pé aró máa ń kú, kò ní mú aṣọ mọ́, yóò kàn dà bí omi àbàtà lásán. Ìyá náà ní ìgbẹ̀yìn ni òun máa ń fi ìyẹn sí, kí n fara balẹ̀. Ni ìyá mi bá gbé obì àti àgbò dé láti Ìlobù, pé àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ ilé ọkọ. Mo sunkún. Mo di òpó ilé mú. Wọ́n ní ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń ṣe òun, wọ́n já ọwọ́ mi kúrò lára òpó, a sì wá sílé. Títí di òní, bí ìkòkò mi bá kú, mo máa ń dà á nù ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é ní gbogbo ayé nìyẹn. Ó ń dùn mí. Bí mo bá ń dà á nù, n kì í jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Nítorí náà dúró níbẹ̀. Mo ti lọ bá àwọn ìjòyè pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn jókòó sórí àga kóòtù. Nígbà tí ìyá Oyèwùmí tún bi mí, mo ní wọ́n ti dá a sílẹ̀, òun ló ní òun kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n má rò pé Ọládèjì borí mi o, mẹ́ta ṣì kéré sí mẹ́sàn-án, bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, máa yọjú wo mẹ́fà tó kù lójú fèrèsé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Mo gbọ́ pé ìjọba ń fún ọ ní sìkọ́láṣíìpù. Ọládèjì ní owó ìwé ni, mo ní ìwé mélòó ni ẹni tó ń kọ́ nǹkan mẹ́ta fẹ́ rà? Fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi kan páànù. Kí o sì bá mi sọ fún ọ̀gá yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé níwọ̀n bí kò ti gba àgbò, kó fún wa ní owó ọkọ̀ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, nítorí iye tí dírẹ́bà ń gbà lórí ènìyàn ló gbà lórí rẹ̀.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú, yóò là ọ́ ní iyè. Ohun tí àwọn ọ̀gá fi pamọ́ de ìgbẹ̀yìn, ìṣojú rẹ ni wọn yóò ti tú u. Ẹnikẹ́ni kò ní já ọwọ́ rẹ kúrò lára ohun tí o ń kọ́, ìbáà ṣe ìfẹ́ ló mú un wá, ìbáà ṣe èmi. Kọ́ ọ tán, ọmọ mi. Kọ́ ọ tán kí o tó wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màríámọ̀ Aláró.