Ẹni Tó Dákẹ́ Kò Tíì Gbà

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì 1984

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù wa lónìí. Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ohun tí mo rí ni mo rí.

Ẹnikẹ́ni tó bá kú sí ilé ìwòsàn yìí, dókítà lè bó awọ mímọ́ tó wà níwájú ẹyinjú rẹ̀, kí wọ́n fi la ojú afọ́jú. Àfi bí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti gbà nìyẹn.

Ó ti gbà nìyẹn! Ta ló gbà? Ìgbà wo ló gbà?

Èmi ni wọ́n fa ìwé ńlá lé lọ́wọ́, èyí tí àwọn tí kò fẹ́ yóò máa fọwọ́ sí. Métírọ́nù ní torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣakí, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Máàṣì

Mo bi àwọn aláìsàn mọ́kànlá pé kí ni ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn wí. Ẹnì kan ní ó ń sọ pé ká má tutọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́wàá yòókù ò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Máàṣì

Onígíláàsì dé láti Ìbàdàn. Dókítà Oyèlékè ni gbogbo ayé ń pè é, dókítà ojú. Inú ìwé ìrántí mi yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Onígíláàsì – dókítà ojú tí kò lè rí ẹnu ọ̀nà bó bá bọ́ gíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kí n tètè kọ ìyẹn sílẹ̀ kí inú tó bí mi.

Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá Àpọ́nlé, orúkọ ọmọ yín ló ṣíwájú. Awọ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wa bá tẹ̀, tirẹ̀ ni."

 Mo di ògiri mú.

Àpọ́nlé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní oṣù tó kọjá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí èéyi mú un, tí ìyá ọkọ mi kán àgbo sí i lójú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Láti ọjọ́ náà ni ẹyinjú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì. Ìmọ́lẹ̀ ń yé e, òjìji ń yé e, ó parí. Ó ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ. Kò sí ẹni tí òwú rẹ̀ dán tó tirẹ̀ ní àdúgbò wa.

Nítorí náà, gbogbo orúkọ tí mo bá kọ sínú ìwé ńlá yẹn, ilẹ̀kùn ni mo ń tì mọ́ ọmọ mi.

Mo mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé n ò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì

Mo kà á sókè. Ní Yorùbá. Lẹ́yìn tí a pín oògùn òwúrọ̀ tán, mo dúró sí àárín wọ́ọ̀dù, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

 Ìyá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún dìde jókòó, pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún un pé kó má dìde. Ó ní, "Bí mo bá tún yà lọ́dọ̀ ọmọ mi, nọ́ọ̀sì, ṣé afọ́jú ni wọ́n á bí?"

Mo ní n ò mọ̀. Òótọ́ ni, n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ni, òun ló ni ín, ó sì yẹ kí ó rí ibi tí yóò ti béèrè rẹ̀ kí ó tó kú.

Kí n tó ṣíwọ́, ènìyàn mẹ́sàn-án ti tẹ̀ka pé àwọn ò fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 12 Máàṣì

Mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì Bàbá Ògúndèjì, ọdẹ àgbà tí egbò ẹsẹ̀ gbé wá. Mo kà á fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Àwọn dókítà yìí ò mọ òfin ìgbẹ́," ni bàbá wí. "Bí mo bá bá ẹran tó ti kú nínú igbó, n kì í kàn gbé e kọ́ èjìká. Màá kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ọta ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Màá pariwo. Màá dúró. Ẹran ẹlẹ́ran ni títí mo fi béèrè."

Mo ti ṣí bírò. Mo ní, "Kí n kọ ọ́ pé ẹ ò fẹ́, Bàbá?"

"Ta ló sọ fún ọ pé n ò fẹ́?" Ó fẹjú mọ́ mi. "O ti bi mí, àbí o ò bi mí? Kọ ọ́ pé Ògúndèjì ní kí wọ́n mú un. Ojú yìí ti rí etu, ó ti rí àgbọ̀nrín, ó ti rí ogun Hítílà ní Bọ́mà. Kó lọ wo nǹkan míràn."

N ò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí. Ìwé náà ò ní ojú ewé fún bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò retí pé ẹnikẹ́ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni! Mo dorí ìwé kodò, mo ṣí i láti ẹ̀yìn, mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà.

Ọjọ́rú, 14 Máàṣì

Métírọ́nù fún mi ní kúẹ́rì. Ta ló rán mi pé kí n máa ka ìwé fún aláìsàn, kí n sì máa dẹ́rù bà wọ́n? Kí n fèsì láàárín ọjọ́ méjì.

Mo fèsì láàárín ìṣẹ́jú méjì. "Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, kíkà ni a ṣe lẹ̀ ẹ́. Mo kà á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì

Ìpàdé. Wọ́n pe àwọn àgbà ìlú, àwọn alífáà, olórí ọdẹ, pásítọ̀ méjì. Gbọ̀ngàn kún.

Onígíláàsì sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní, "Ẹ ka àwọn afọ́jú tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yín. Òkú tí a ń sin, ilẹ̀ ló ń jẹ ojú rẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Bí a bá ní ká dúró kí ènìyàn wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, ta ló máa ń jí láàárọ̀ kó máa ronú òkú ara rẹ̀? Ìdí rèé tí a fi ní ẹni tó dákẹ́ ti gbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi – ọwọ́ mi fẹ́ pàdé ara wọn.

Mo dìde.  Mo ní, "Bí wọ́n bá dẹnu kọ ọmọge, tí ọmọge dákẹ́, ṣé ó ti di ìyàwó ilé nìyẹn?"

Alífáà Ràmọ́nì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Lọ́dọ̀ tiwa, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, Alífáà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ dẹnu kọ ọ́ ná!"

Ẹ̀rín náà yí padà, ó wá di tèmi. Ojú Onígíláàsì le. Ó ní mẹ́tàlélógún ni mo bi léèrè, mẹ́rin péré ló gbà. Ó ní bí n ò bá kàwé kiri ni, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ni wọn ì bá kà sí ẹni tó gbà. "Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tiyín wà nínú àwọn tó ń dúró."

Gbogbo orí yí sí mi. Kò yẹ kó mẹ́nu bà á. Ọmọ mi kọ́ ni wọ́n pè sí ìpàdé.

Mo ní, "Mẹ́rin tèmi, òótọ́ ni. Mẹ́tàlélógún tiyín, ẹ ò bá ẹnì kankan nínú wọn sọ̀rọ̀ rí."

Mo jókòó. 

Ọjọ́ Àìkú, 18 Máàṣì

N ò lọ sí ibì kankan. N ò kábàámọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà lẹ́nu àwọn ará ìlú.

Lọ́ọ̀rì alágbàdo tó ń bọ̀ láti Ijio dojú dé lọ́nà. Agogo kan ọ̀sán ni wọ́n kó wọn dé. Ọkùnrin kan kú kí a tó rí iṣan ọwọ́ rẹ̀ gún. Bí ẹni ogójì ọdún. Dírẹ́bà ní Jímọ̀ ló ń jẹ́, Ijio ló ti wọkọ̀, òun ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onígíláàsì wà ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó gbé kúlà rẹ̀, àpótí oníyìnyín tó fi ń gbé awọ ojú, sórí tábìlì, ó fọwọ́. Ó ku kí èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi fọwọ́ sí i pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, n ò rí orúkọ olóògbé nínú àwọn tó kọ̀. Láìsí ìyẹn, kò lè fọwọ́ kàn án.

"Wákàtí mẹ́fà la ní kí awọ náà tó bàjẹ́, Ìyá Àpọ́nlé," ló wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ lọ mú ọmọ yín wá."

Mo ní kí a ránṣẹ́ sí ẹbí ọkùnrin náà. Ó ní Ijio kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Mo bá Jẹ́ẹ́dé, dírẹ́bà ilé ìwòsàn, sọ̀rọ̀. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Métírọ́nù di ọwọ́ mi mú. Omi ti wà lójú òun náà. "Mosúnmọ́lá, ọmọ tìrẹ ni o. Ta ló máa mọ̀?"

Mo lọ wo ojú ọkùnrin náà. Ojú tó mọ́. Mo gbé bírò sórí ìwé. Mo rí Àpọ́nlé bó ṣe máa ń fọwọ́ pa ojú mi láti mọ̀ bóyá inú mi dùn. Mo rí i dáadáa.

Mo pa ìwé dé. Mo jókòó lé e lórí.

Agogo méje ìrọ̀lẹ́ lu. Onígíláàsì gbé kúlà rẹ̀ sínú mọ́tò. Kò bú mi. Ìbá bú mi!

Ọjọ́rú, 28 Máàṣì

Ìyàwó olóògbé dé láàárọ̀ pẹ̀lú Jẹ́ẹ́dé. Àrínọlá lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó sunkún díẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, títí kan ti ọmọ mi. N ò fi nǹkan kan pamọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá mi fọ́jú kó tó kú. Jímọ̀ ló máa ń fà á lọ́wọ́ lọ wẹ̀. Ọkọ ọmọ, ó ń fa ìyá ìyàwó lọ́wọ́, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ti bi mí, ǹ bá ní kí ẹ mú u."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ọbẹ.

Ó wá bínú. "Ṣé torí tèmi lẹ ṣe fi ọmọ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? N ò rán yín níṣẹ́ yẹn."

Mo ní, "Ẹ ò rán mi. Ẹ ò sì rán mi pé kí n mú u."

Ó wò mí títí. Ó ní kí n wá bá òun di ẹ̀yìn ọkọ òun mú, kí wọ́n gbé e. A jọ gbé e sínú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, ó na ọwọ́ jáde, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. N ò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìdágbére.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Máàṣì

Lẹ́tà dé. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìgboògùn Ìgbòho, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ ti Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀. Àmì ohùn rẹ̀ ò pé. Mo fi bírò mi kọ wọ́n sí i kí n tó kó ẹrù mi.

Kí wọ́n gbé mi lọ. Ìgbòho náà ní etí. Màá máa bi wọ́n níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Épírì

Àpọ́nlé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu àwọn ahunṣọ. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ mẹ́rin, bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ojú rẹ wà lọ́wọ́ mi, mo jẹ́ kó lọ."

Kò dá òwú ríran dúró. Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí."

"Kí ló wá ń dùn ọ́?"

"Ẹ ti bi gbogbo Ṣakí léèrè. Ẹ bi ọdẹ, ẹ bi opó, ẹ bi àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là nínú. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́ ojú òkú?"

Mo la ẹnu. Mo ní, "Mo rò pé –"

Kò sí ibi tí gbólóhùn yẹn lè parí sí. Ọdún méjìlá! Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síwájú Onígíláàsì. Ọmọ náà dákẹ́, mo sì gbà pé ó ti gbà.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo bi í. Mo bi í bí mo ṣe ń bi àwọn yòókù, mo sọ ohun tí wọn yóò ṣe, mo sọ pé ó lè má dára, mo sọ ibi tí yóò ti wá. N ò fi kún un. N ò bẹ̀ ẹ́.

 Òwú ń yí.

Ó ní, "Ọ̀kan."

Mo ní, "Ojú kan?"

"Kí èkejì wà bó ṣe wà. Bí ohun tí mo bá rí ò bá wù mí, màá dijú sí i, màá padà sí tèmi."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún dà pọ̀ mọ́ ọn. Mo ní, "Òsì tàbí ọ̀tún?"

Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ó ní kí n má kán òun lójú.

N ò kán an lójú. Mo ń dúró.